Orí Keje: Àlòkù Ẹ̀rọ Tó Ṣì Mọ Ọ̀nà Omi

Bí ìgbà òtútù bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó ní ọkọ̀ ìgbòkun kéékèèké a bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ ọkọ̀ mọ́ ní àwọn èbúté tó wà létí odò Hamble àti káàkiri omi Solent. Wọ́n á ha ìdí ọkọ̀, wọ́n á kùn ún lọ́dà, wọ́n á sì yọ ẹ̀rọ tó ti gbó. Ẹ̀rọ tí ń wọn jíjìn omi, èyí tí ń wọn afẹ́fẹ́, GPS tí ojú rẹ̀ ti ṣú, ẹ̀rọ atọ́kọ̀ tí kò gbọ́ràn mọ́, gbogbo wọn a dèrò ààtàn. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò tíì kú. Ojú wọn ló fọ́, tàbí bọ́tìnnì wọn ló ti gan nítorí iyọ̀ òkun, tàbí kẹ̀ ilé-iṣẹ́ tó ṣe wọ́n ló ti pa wọ́n tì, tó ní kí oníbàárà lọ ra tuntun.

Àwọn tó kọ̀ láti dà wọ́n nù ni orí yìí dá lé. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Amẹ́ríkà, ní Jámánì àti ní Netherlands, àwọn ọlọ́kọ̀ kan wà tí wọ́n ń so ẹ̀rọ tó ti lo ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún pọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe ẹnjiníà. Ohun tí wọ́n ń rí gbà nínú rẹ̀ ni ètò ìtọ́nà tó péye: ó ń ya ọkọ̀ wọn sórí máàpù òkun, ó ń sọ bí omi ṣe jìn tó, ó ń sọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, ó sì ń fi àwọn ọkọ̀ ńláńlá tó wà nítòsí hàn wọ́n.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ níbí. Kì í ṣe ọjọ́ kan náà ni gbogbo ara ẹ̀rọ ń gbó. Apá kan a kú, apá kan a ṣì wà láàyè. Èyí tó wà láàyè, tó sì ń sọ èdè tí gbogbo ayé gbọ́, ẹnikẹ́ni ló lè tún un lò. Ṣùgbọ́n lórí omi, ẹni tó bá mọ èyí tó kú yàtọ̀ sí èyí tó wà láàyè nìkan ló lè ṣe é láìfi ẹ̀mí wewu.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwa tá a wà nílé. Ìròyìn Global E-waste Monitor sọ pé 62 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù ìdọ̀tí ẹ̀rọ oníná ni aráyé dà nù lọ́dún 2022, kò sì tó ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ tí àkọsílẹ̀ wà pé wọ́n kó jọ tí wọ́n sì bójú tó bó ṣe yẹ. Lọ́dún 2005, àjọ Basel Action Network ṣe ìwádìí ní Èkó. Wọ́n ní nǹkan bí 500 kọ̀ńténà àlòkù ẹ̀rọ ló ń wọlé lóṣooṣù, àti pé èyí tó lè tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹrù náà ni kò ṣeé tún ṣe, tí kò sì ṣeé tà. Kì í ṣe ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi ló kún inú kọ̀ńténà wọ̀nyẹn; kọ̀ǹpútà, tẹlifíṣọ̀n àti fóònù ni. Síbẹ̀ ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà dé ààtàn: ẹnì kan rí i pé ojú ẹ̀rọ ti kú, ó sì gbà pé gbogbo rẹ̀ ló kú.

Ohun tó kú àti ohun tó wà láàyè

Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀rọ tí ń wọn jíjìn omi. Apá méjì ló ní. Èkíní wà lókè, níwájú ẹni tó ń tọ́kọ̀, òun ni nọ́ńbà ń hàn lójú rẹ̀. Èkejì wà nísàlẹ̀: wọ́n lu ihò sí ìdí ọkọ̀, wọ́n sì dè é mọ́bẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè kọ sí ilẹ̀ omi. Transducer ni orúkọ rẹ̀. Pẹlẹbẹ sẹ̀rámíìkì kan ló wà nínú rẹ̀. Bí iná bá kàn án, á gbọ̀n. Bí ohùn bá sì gbọ̀n ọ́n, á mú iná díẹ̀ jáde.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò díjú. Ó ń rán ohùn tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ lọ sísàlẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ohùn náà ń gbọ̀n ní ìgbà 200,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú omi òkun, ohùn ń rin nǹkan bí 1,500 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ohùn tó rán lọ bá padà lẹ́yìn ìdá 20 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá, a jẹ́ pé mítà 30 ló rìn ní àlọ àti àbọ̀, omi ibẹ̀ sì jìn tó mítà 15. Iyọ̀ àti ooru omi a máa yí i díẹ̀. Bí omi bá móoru dé dígírì 20, ohùn ń rin nǹkan bí 1,480 mítà nínú omi odò àti nǹkan bí 1,520 nínú omi òkun. Nínú omi tó jìn ní mítà 10, ìyàtọ̀ yẹn kò pé ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà. Ó kéré lójú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fara balẹ̀ kọjá lórí òkìtì iyanrìn gbọ́dọ̀ fi í sọ́kàn.

Ẹ wo bí pẹlẹbẹ yẹn ṣe rí. Kò sí kọ̀ǹpútà nínú rẹ̀, kò sí sọ́fútíwìà tí ilé-iṣẹ́ lè pa tì, oòrùn kò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi ń pẹ́ ju ojú ẹ̀rọ tó wà lókè lọ. Bí a bá sì ní ká yọ ọ́, dandan ni kí a fi ẹ̀rọ agbẹ́rù gbé ọkọ̀ jáde kúrò nínú omi, kí a tún ihò rẹ̀ dí, kí a sì gbẹ́ òmíràn. Ọlọ́gbọ́n ọlọ́kọ̀ a fi transducer àti wáyà rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí wọ́n wà, ojú ẹ̀rọ nìkan ni yóò pààrọ̀. Ohun tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ wò ni pé àpótí tuntun tó fẹ́ so mọ́ ọn ń lo iye ìgbọ̀n kan náà; àpótí tí a ṣe fún 50,000 kò lè bá transducer tí a ṣe fún 200,000 ṣiṣẹ́ dáadáa.

Bákan náà ni ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó wà lórí òpó ìgbòkun. Àwọn ife kéékèèké mẹ́ta ń yí láti wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe lágbára tó, apá kan tó dà bí ìrù ẹyẹ sì ń tọ́ka sí ibi tí ó ti ń fẹ́ wá. Nínú ọ̀pọ̀ èyí tó ti pẹ́, fóltì méjì tí ń gòkè tí ń sọ̀ kalẹ̀ ló ń sọ ibi tí ìrù náà kọjú sí. Kí ló dé tó fi jẹ́ méjì? Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ni, iye kan náà ni yóò fún wa bí afẹ́fẹ́ bá ti dígírì 30 wá àti bí ó bá ti dígírì 150 wá, a kò sì ní mọ̀ bóyá iwájú ló ti ń fẹ́ ni tàbí ẹ̀yìn. Fóltì kejì ló ń la ìjà náà. Ẹni tó bá ṣe ìṣirò níléèwé gíga á rántí sine àti cosine. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lórí òpó ìgbòkun nìyẹn. Kọ̀ǹpútà olówó pọ́ọ́kú lónìí lè ka fóltì méjèèjì, kí ó sì ṣe ìṣirò náà kí ènìyàn tó ṣẹ́jú.

Gbólóhùn tí ẹ̀rọ ń sọ

Àwọn oníṣòwò ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi ní Amẹ́ríkà dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lọ́dún 1957, National Marine Electronics Association, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní NMEA. Lọ́dún 1983, ẹgbẹ́ yìí gbé òfin èdè kan jáde fún àwọn ẹ̀rọ ọkọ̀, wọ́n sì pè é ní NMEA 0183. Òfin yẹn ló jẹ́ kí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ kan lè bá ti ilé-iṣẹ́ mìíràn sọ̀rọ̀, òun náà ló sì jẹ́ kí àlòkù ṣeé lò lónìí.

Bí akéde ìlú ṣe ń ṣe ni wáyà NMEA 0183 ṣe ń ṣe: ẹnì kan ló ń ké, gbogbo agbo ilé ló ń gbọ́, kò sí ẹni tí ń dá a lóhùn. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló ń sọ̀rọ̀ lórí wáyà kan, ọ̀pọ̀ sì lè tẹ́tí sí i. Bí méjì bá ń ké papọ̀ lórí wáyà kan náà, kò sẹ́ni tí yóò mọ ohun tí èyíkéyìí ń wí. Nítorí náà, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tí ń sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ wọ inú kọ̀ǹpútà. Ìyára rẹ̀ jẹ́ 4,800 bíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó jẹ́ nǹkan bí lẹ́tà 480. Gbólóhùn kan kò sì gbọdọ̀ ju lẹ́tà 82 lọ.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú rẹ̀ ni pé ojú lásán lè kà á. Ẹ wo gbólóhùn kan tí ẹ̀rọ ìwọnmi lè sọ:

$SDDPT,3.6,0.4*56

Àmì $ ń kéde pé gbólóhùn bẹ̀rẹ̀. SD sọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀: ẹ̀rọ ìwọnmi ni. DPT sọ pé ọ̀rọ̀ jíjìn omi ló fẹ́ sọ. Láti ojú transducer dé ilẹ̀ omi jẹ́ mítà 3.6, transducer fúnra rẹ̀ sì wà ní mítà 0.4 sísàlẹ̀ ojú omi. Ẹ ro méjèèjì pọ̀: láti ojú omi dé ilẹ̀ jẹ́ mítà 4.

Nọ́ńbà 56 tó gbẹ̀yìn ni ẹ̀rí gbólóhùn náà. Ẹ̀rọ tó sọ̀rọ̀ mú gbogbo lẹ́tà tó wà láàárín $ àti *, ó fi ìṣirò kan pa wọ́n pọ̀, ó sì kọ èsì rẹ̀ sẹ́yìn. Kọ̀ǹpútà tó gbọ́ ọ á tún ìṣirò náà ṣe. Ká ní ariwo iná láti ara ẹ́ńjìnnì sọ 3 di 8 lójú ọ̀nà, tí gbólóhùn náà wá ń sọ pé mítà 8.6 ló kù dé ilẹ̀. Ìṣirò kọ̀ǹpútà á mú 5D jáde dípò 56, á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti yí, á sì da gbólóhùn náà nù. Lórí omi tí kò jìn, ìyàtọ̀ láàárín 3.6 àti 8.6 lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ̀ tó ń léfòó àti ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ sórí àpáta. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kan wà tí kì í fi ẹ̀rí yìí sẹ́yìn gbólóhùn wọn. Ẹni tó bá ń lò wọ́n kò gbọdọ̀ gba nọ́ńbà ẹyọ kan gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Kí ó wo bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra.

Kọ̀ǹpútà tó gba gbogbo wọn lálejò

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 2012, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà kékeré kan tí ń jẹ́ Raspberry Pi jáde ní Cambridge, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Dọ́là 35 ni wọ́n tà á. Torí kí àwọn ọmọléèwé lè kọ́ bí a ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ni wọ́n ṣe ṣe é, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́kọ̀ tètè rí i pé kì í jẹ iná púpọ̀, bátìrì ọkọ̀ sì lè gbé e fún ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n fi OpenCPN sí i, ètò ọ̀fẹ́ tí Dave Register bẹ̀rẹ̀, tí àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ sì ń bá a mú dàgbà. Ó ń ka gbólóhùn NMEA, ó sì ń ya ọkọ̀ sórí máàpù òkun. Ní Amẹ́ríkà, àjọ ìjọba tí ń jẹ́ NOAA ń fún gbogbo ènìyàn ní máàpù omi orílẹ̀-èdè náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ètò ọ̀fẹ́ mìíràn, Signal K, ń kó ọ̀rọ̀ gbogbo ẹ̀rọ jọ sí èdè kan tí fóònù àti tábúlẹ́ẹ̀tì lè gbọ́ lórí Wi-Fi. Fóònù àtijọ́ tí kò ní síìmù mọ́ lè tipa bẹ́ẹ̀ di ojú tuntun fún ẹ̀rọ ìwọnmi tí ojú rẹ̀ fọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣòfò ni ìsopọ̀ wáyà. Ẹsẹ̀ Raspberry Pi kò lè gbà ju fóltì 3.3 lọ, iná ọkọ̀ sì jẹ́ fóltì 12. Wáyà NMEA àtijọ́ pàápàá a máa gbé fóltì tó pọ̀ ju èyí tí kọ̀ǹpútà náà lè fara dà. Ẹni tó bá so wọ́n pọ̀ tààrà á jó kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ohun tó yẹ ni kí a fi ohun èlò tí ń sọ NMEA di USB sáàárín, kí ó sì jẹ́ irú èyí tó ya iná méjèèjì sọ́tọ̀. Nínú irú ohun èlò bẹ́ẹ̀, iná kékeré kan ń tàn lápá kan, ojú kan tó ń rí ìmọ́lẹ̀ sì wà lápá kejì. Ìmọ́lẹ̀ ló ń gbé ọ̀rọ̀ kọjá; iná apá kan kò fara kan ti apá kejì rárá. Èyí ń dáàbò bo kọ̀ǹpútà, ó sì ń dáàbò bo irin ọkọ̀ náà, nítorí iná tó bá ń ṣàn kiri níbi tí kò yẹ nínú ọkọ̀ a máa jẹ irin tó wà nínú omi.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá àlòkù ẹ̀rọ kan ṣì wà láàyè, kí ó kọ́kọ́ wá ìwé ìlànà rẹ̀, kí ó mọ iṣẹ́ wáyà kọ̀ọ̀kan. Kí ó fi fíúsì sójú ọ̀nà fóltì 12 kí ó tó tan án. Lẹ́yìn náà, kí ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà kan nínú ilé, kí ó ṣí ètò tí ń fi ọ̀rọ̀ tó ń wọlé hàn, kí ó sì máa wò ó. Bí gbólóhùn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú $ bá ń jáde, ẹ̀rọ náà yè. Bí lẹ́tà rúdurùdu bá ń jáde, bóyá ìyára ni kò bára mu, tàbí kí wáyà méjèèjì ti yí síra. Bí ohunkóhun kò bá jáde, kí ó wo inú ìlànà ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀: ọ̀pọ̀ GPS ni kì í sọ̀rọ̀ NMEA àfi bí a bá pàṣẹ fún un.

Iná náà tún ní ọ̀rọ̀. Bí a bá ń dáná ẹ́ńjìnnì, fóltì bátìrì a já wálẹ̀ lójijì. Kọ̀ǹpútà á kú, á tún jí, káàdì tó fi ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sì lè bàjẹ́. Ohun èlò tó dára tí ń sọ fóltì 12 di 5 láìmì ló yẹ ká ná owó sí, kì í ṣe èyí tó rọjú jù lọ́jà.

GPS tó ka ọjọ́ ṣìnà

Ní ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún ọdún 2000, gbogbo GPS tó wà lọ́wọ́ aráàlú dára sí i láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Títí di ọjọ́ náà ni ìjọba Amẹ́ríkà ń mọ̀ọ́mọ̀ da àmì tí àwọn sátẹ́láìtì ń rán rú, débi pé ẹ̀rọ lè fi tó 100 mítà ṣi ibi tí ọkọ̀ wà. Ààrẹ Clinton ní kí wọ́n dẹ́kun, ẹ̀rọ náà sì péye sí i ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá. Ìdí nìyí tí GPS tí a ṣe ní àárín ọdún 1990 sí 1999 fi lè mọ ibi tó wà lónìí ju bó ṣe mọ̀ ọ́n nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun.

Àìsàn rẹ̀ wà nínú ọjọ́. Ọ̀sẹ̀ ni GPS ń kà, láti ọjọ́ 6 oṣù Kìíní ọdún 1980. Ní ètò àtilẹ̀wá, àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún nọ́ńbà ọ̀sẹ̀ kò ju láti 0 dé 1,023 lọ. Bí ó bá ti pé 1,024 ọ̀sẹ̀, á tún padà sí 0. Èyí ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1999, ó tún ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2019, yóò sì tún ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2038. Ọ̀sẹ̀ 1,024 jẹ́ ọjọ́ 7,168. Ẹ̀rọ tí kò mọ̀ pé kíkà náà ti yí padà á máa rò pé òun ṣì wà ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2025, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ á sọ pé ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún ọdún 2005 ni. Ọjọ́rú ni àwọn ọjọ́ méjèèjì bọ́ sí, torí pé ọ̀sẹ̀ odindi ló sọnù.

Lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tí ọkọ̀ wà kò ní yí, nítorí àkókò tó wà láàárín ọ̀sẹ̀ ni ẹ̀rọ fi ń ṣírò rẹ̀. Ewu wà níbòmíràn. Bí kọ̀ǹpútà bá gba ọjọ́ rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ irú GPS bẹ́ẹ̀, tí atukọ̀ sì lò ó láti mọ ìgbà tí omi yóò kún àti ìgbà tí yóò fà, tábìlì ọdún mìíràn ló ń kà. Oògùn rẹ̀ ni kí a pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà pé kí ó máa fi ọ̀sẹ̀ 1,024 kún ọjọ́ tí GPS náà bá mú wá, tàbí kí ó má gba ọjọ́ lẹ́nu rẹ̀ rárá.

Gbígbọ́ ohùn ọkọ̀ ńlá

Òfin àgbáyé SOLAS ní kí gbogbo ọkọ̀ tó bá wọ̀n tó 300 tọ́ọ̀nù nínú ìwọ̀n ọkọ̀, tí ń ná òkun láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè, ní ẹ̀rọ AIS, wọ́n sì parí ètò náà lópin ọdún 2004. AIS ń kéde orúkọ ọkọ̀, ibi tó wà, ìyára rẹ̀ àti ibi tó dorí kọ. Bí ọkọ̀ bá ń rìn, láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2 sí 10 ló ń tún un sọ. Orí ìgbì rédíò 161.975 àti 162.025 megahertz ló ń gbà.

Ohun tí ń gbà á kò wọ́n. Àwọn ohun èlò kékeré kan wà tí wọ́n ń kì bọ kọ̀ǹpútà láti fi wo tẹlifíṣọ̀n. Lọ́dún 2012, àwọn olùfẹ́ rédíò rí i pé èyí tó ní ṣíìpù RTL2832U nínú lè gbọ́ ọ̀pọ̀ ìgbì rédíò yàtọ̀ sí ti tẹlifíṣọ̀n. Ètò ọ̀fẹ́ lè wá sọ ohun tó gbọ́ di gbólóhùn AIS tí OpenCPN yóò yà sórí máàpù. Ẹni tó bá gbé e kalẹ̀ létí òkun Èkó lè máa wo àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń dúró láti wọ Àpápá, pẹ̀lú orúkọ wọn.

Ìkìlọ̀ méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́, a kò gbọdọ̀ so ohun èlò yìí mọ́ ẹ́ríà kan náà tí rédíò ọkọ̀ fi ń sọ̀rọ̀, àfi bí ohun èlò tó ń pín in bá wà láàárín. Rédíò ọkọ̀ lè tu agbára iná wáàtì 25 jáde, á sì jó etí kékeré náà. Èkejì ṣe pàtàkì jù: etí ni, kì í ṣe ẹnu. A ń rí ọkọ̀ ńlá, ọkọ̀ ńlá kò rí wa. Ẹni tó bá sì dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ọkọ̀ apẹja kéékèèké kì í sábà ní AIS, a kò sì lè torí máàpù tó mọ́ gbà pé omi mọ́.

Èdè tí wọ́n fi pamọ́

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló ń sọ èdè gbangba. Àwọn ẹ̀rọ Autohelm, tó padà di Raymarine, ń sọ SeaTalk. Wáyà mẹ́ta ló ní: pupa fún fóltì 12, yẹ́lò fún ọ̀rọ̀, ìkẹta fún ilẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kò gbé òfin èdè náà jáde fún aráàlú, ṣùgbọ́n àwọn olùfẹ́ iṣẹ́ yìí fara balẹ̀ tẹ́tí sí wáyà yẹ́lò títí wọ́n fi mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ jíjìn omi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 00 02, iye tó gbé wá sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá ẹsẹ̀ bàtà. Lónìí, ẹni tó bá ní ẹ̀rọ SeaTalk àtijọ́ lè rí gbogbo ìtumọ̀ náà kà lọ́fẹ̀ẹ́.

NMEA 2000, èyí tó rọ́pò 0183, yára jù ú lọ púpọ̀. Ó dúró lórí ètò CAN tí Bosch ṣe fún mọ́tò, ìyára rẹ̀ sì jẹ́ 250,000 bíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣùgbọ́n owó ni wọ́n fi ń ta òfin èdè rẹ̀, ojú lásán kò sì lè kà á. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni tún jókòó ti èyí náà; iṣẹ́ wọn ń jẹ́ canboat. Mo gbà pé ó yẹ kí gbogbo ilé-iṣẹ́ tó bá pa ẹ̀rọ kan tì fi èdè rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó rà á. Kò ní ná wọn ní nǹkan kan, yóò sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kún ọjọ́ ayé ẹ̀rọ náà.

Èyí tí a kò gbọdọ̀ jí dìde

Àwọn àlòkù kan wà tí ó yẹ kí wọ́n sinmi. Èkíní ni ẹ̀rọ apèfúnrànlọ́wọ́ àtijọ́, EPIRB tí ń lo ìgbì 121.5 megahertz nìkan. Sátẹ́láìtì kò gbọ́ ọ mọ́ láti ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 2009. Ẹni tó bá gbé e lọ sójú òkun gbé ìrètí òfo dání. Èkejì ni ẹ̀rọ Loran-C, tí ń fi àmì rédíò láti àwọn ibùdó orí ilẹ̀ mọ ibi tí ọkọ̀ wà: Amẹ́ríkà ti pa àwọn ibùdó tirẹ̀ lọ́dún 2010, kò sì sí ohun tí yóò gbọ́ níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀kẹta ni rádà àtijọ́ tí ojú rẹ̀ rí bíi tẹlifíṣọ̀n oníkùn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóltì lè wà nínú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti pa á, ó sì lè pa ènìyàn. Iṣẹ́ ẹni tó kọ́ ọ ni.

Kí a má sì gbàgbé ibi tí àyè wa mọ. Ọkọ̀ tí òfin SOLAS dè gbọ́dọ̀ lo ẹ̀rọ tí wọ́n ti fọwọ́ sí. Ohun tí orí yìí ń sọ wà fún ọkọ̀ kékeré ti ara ẹni, pẹ̀lú máàpù oníwèé àti kọ́ńpáàsì tí kò nílò iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí a bá so OpenCPN mọ́ ẹ̀rọ atọ́kọ̀ àtijọ́, yóò tọ́ ọkọ̀ lọ tààrà sí ibi tí a tọ́ka sí, ìbáà jẹ́ pé àpáta wà lójú ọ̀nà. Ojú ènìyàn ló gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ.

Wáyà méjì tó lè gba ẹ̀mí là

Nínú gbogbo ohun tí a ti sọ, èyí tó rọrùn jù ló níye lórí jù. Rédíò VHF tó ní DSC ní bọ́tìnnì pupa kan lábẹ́ ìdérí. Bí ewu bá dé, tí a sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, rédíò náà á ké lórí ìkànnì 70, á sọ MMSI, nọ́ńbà tí a fi ń dá ọkọ̀ wa mọ̀, á sì sọ ibi tí a wà gan-an. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú rédíò wọ̀nyí kò ní GPS nínú. Àfi kí a so ọ̀kan mọ́ ọn. Coast Guard ti Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ fún àwọn ọlọ́kọ̀ pé púpọ̀ nínú igbe tó ń dé ọ̀dọ̀ wọn ni kò gbé ibi tí ọkọ̀ wà wá, nítorí pé ẹni tó ni rédíò kò so ó mọ́ GPS rí.

GPS àtijọ́ tó ti di ohun ìtìpa tó láti ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ mú wáyà tó ń sọ̀rọ̀ jáde láti inú GPS wọ ẹnu ọ̀nà NMEA rédíò, ẹ so wáyà kejì mọ́ ibi tí ìwé ìlànà sọ, kí ẹ sì pàṣẹ fún GPS náà kí ó máa sọ NMEA ní 4,800. Bí ó bá ti wọlé, ibi tí ọkọ̀ wà á hàn lójú rédíò. Bí ọjọ́ GPS náà bá tilẹ̀ ti ṣìnà, kò sábà ba igbe yìí jẹ́, nítorí wákàtí àti ìṣẹ́jú ni rédíò ń rán pẹ̀lú rẹ̀, kì í rán ọjọ́.

Bí rédíò náà fúnra rẹ̀ bá jẹ́ àlòkù, ẹ kọ́kọ́ wo nọ́ńbà mẹ́sàn-án tó wà nínú rẹ̀. MMSI ẹni tó lò ó tẹ́lẹ̀ lè ṣì wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ rédíò kì í sì jẹ́ ká yí i ju ìgbà kan tàbí méjì lọ kí a tó gbé e padà fún ẹni tó tà á tàbí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Bí a kò bá yí i, orúkọ ọkọ̀ mìíràn ni àwọn olùgbàlà á máa wá kiri. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àlòkù, kí ó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀: GPS kan, rédíò kan, wáyà méjì, nọ́ńbà tó tọ̀nà. Bí ìyẹn bá ti dúró ṣinṣin, ó lè wá máa ronú nípa kọ̀ǹpútà àti máàpù.